Ẹ̀jẹ̀ Tí Ń Sọ̀rọ̀ Lẹ́yìn Olóhun

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni Màmá Ìjerò, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, pè mí. Àwọn kan wá sí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì wọn lẹ́yìn ìsìn, wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá jókòó gba ọṣẹ ìfọṣọ kan àti mílíìkì kékeré kan. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò tán, wọ́n so rọ́bà mọ́ Màmá lápá, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní ìdérí aláwọ̀ elésè àlùkò, wọ́n sì ní kí Màmá tẹ̀ka síwèé. Màmá tẹ̀ka.

"Wọ́n ní usẹ́ ìwádìí ni," ni Màmá wí. Ohùn Èkìtì kì í kúrò lẹ́nu wọn, àní lórí fóònù. "Ṣé kò séwu níbẹ̀? Kí ni wọ́n fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ arúgbó ṣe?"

Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo wọ mọ́tò láti Adó lọ sí Ìjerò, torí mo fẹ́ fojú ara mi rí ìwé náà. Inú Bíbélì ni wọ́n ká a sí. Ojú ìwé mẹ́rin, Gẹ̀ẹ́sì látòkè délẹ̀, àtàǹpàkò Màmá nísàlẹ̀ èyí tó kẹ́yìn, íǹkì rẹ̀ sì ti ràn mọ́ Sáàmù. Ojú ìwé kẹta ni mo ti rí gbólóhùn kan: pé wọ́n lè tọ́jú ẹ̀jẹ̀ náà àti ohun tí wọ́n bá kà nínú rẹ̀, kí wọ́n sì fún àwọn olùṣèwádìí mìíràn, nílé tàbí lókè òkun, fún iṣẹ́ mìíràn tó bá yọjú lọ́jọ́ iwájú. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Màmá. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀.

"Ẹnikẹ́ni ò ka ìyẹn sí mi létí."

Mi ò sọ pé èèyàn burúkú làwọn tó wá. Iṣẹ́ gidi ni wọ́n ń ṣe, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ń pa wá. Àmọ́ ojú ìwé kẹta yẹn ló gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ ṣàlàyé, torí ọ̀pọ̀ wa ló rò pé ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà fún ìwádìí jínóòmù, ìyẹn ohun àjogúnbá tó wà nínú ara wa, ò yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fà láti wo ibà. Ó yàtọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ibà á sọ ọ̀rọ̀ kan, ó parí. Ẹ̀jẹ̀ jínóòmù á ṣì máa sọ̀rọ̀ lẹ́yìn tí olóhun ti lọ sílé, á sì máa rojọ́ àwọn tí kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi tí gbogbo wa mọ̀ bẹ̀rẹ̀. Kò sí ọ̀dọ́ tó fẹ́ ṣègbéyàwó nílẹ̀ yìí tí wọn ò ní bi léèrè: AA ni ẹ́ àbí AS? Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ò ní kéde ìgbéyàwó títí ìwé jínótáìpù á fi dé orí tábìlì pásítọ̀. Ohun tó sọ ẹnì kan di SS, tí àìsàn fòníkú-fọ̀la-dìde fi ń yọ ọ́ lẹ́nu, lẹ́tà kan ṣoṣo ni. Nínú sẹ́ẹ̀lì ara wa ni ìwé gígùn kan wà tó jẹ́ pé lẹ́tà mẹ́rin péré ni wọ́n fi kọ ọ́, A, C, G àti T, lẹ́tà inú rẹ̀ sì tó bílíọ̀nù mẹ́ta. Ìwé yẹn lódindi ni jínóòmù. Àwọn orí inú rẹ̀ tó ń sọ fún ara bí yóò ṣe ṣe nǹkan kan pàtó la ń pè ní jíìnì, wọ́n tó bí 20,000. Nínú jíìnì kan tó jẹ mọ́ ẹ̀jẹ̀ pupa, A kan yí padà di T. (A yìí kì í ṣe A inú AA o. Orúkọ ló kàn jọ ara wọn.) Ẹni tó bá gba ẹ̀dà tó yí padà yìí lọ́wọ́ bàbá àti ìyá ni SS. Ẹni tó gba ẹyọ kan ni AS, ara rẹ̀ á sì máa le dáadáa, kódà ẹyọ kan yẹn máa ń gbà á lọ́wọ́ ibà líle.

Láàbù àdúgbò kì í tilẹ̀ ka ìwé náà fúnra rẹ̀. Ohun tí jíìnì náà mú jáde nínú ẹ̀jẹ̀ pupa ni wọ́n ń wò. Olùṣèwádìí jínóòmù ló ń ka ìwé náà láti páálí dé páálí. Ọdún 1990 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ka jínóòmù ọmọ ènìyàn nígbà àkọ́kọ́, wọ́n kéde ní 2003 pé ó ti parí, owó tó sì bá a lọ sún mọ́ bílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú ìtàn yẹn ni pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ya ìdá mẹ́ta sí márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó náà sọ́tọ̀ fún ìbéèrè tí kò jẹ mọ́ sáyẹ́ǹsì: ta ló ni ìmọ̀ yìí, ta ló lè rí i, ta ló lè fi fìyà jẹ ẹlòmíràn? Àwọn tó ń kọ́ ilé náà fúnra wọn mọ̀ pé olè lè wọlé.

Ìdajì ìwé yìí ti ọ̀dọ̀ bàbá wá, ìdajì ti ọ̀dọ̀ ìyá. Torí náà, bí wọ́n bá ka ẹ̀jẹ̀ Màmá Ìjerò, wọ́n ti ka púpọ̀ nínú ti ìyá mi, tí kò tẹ̀ka síwèé kankan, wọ́n sì ti ka díẹ̀ nínú tèmi. Lábẹ́ òfin, ẹni tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nìkan ló ń fọwọ́ síwèé. Nílé wa, ọ̀rọ̀ tó bá kan gbogbo ẹbí, olórí ẹbí ló ń pèpàdé lé e lórí. Mi ò rò pé ó yẹ kí olórí ẹbí máa fọwọ́ síwèé fún àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé. Àmọ́ kí èèyàn sọ fún ará ilé kó tó tẹ̀ka, ìyẹn ò pọ̀ jù.

Torí ohun tí ẹ̀jẹ̀ lè tú síta kò kéré. Ká ní ọkọ jẹ́ AA, ìyàwó jẹ́ AS, wọ́n wá bí ọmọ tó jẹ́ SS. Ẹ ti mọ ojú tí ẹbí ọkọ á fi máa wo ìyàwó. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni tó di ẹrù obìnrin sójúde, ẹ tún àyẹ̀wò náà ṣe níbòmíràn, lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí mo fẹ́ wọ yunifásítì, láàbù kan kọ ọ́ fún mi pé AA ni mí. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń fi AA yangàn kiri, kí àyẹ̀wò mìíràn tó sọ pé AS ni mí, tí ẹ̀kẹta sì jẹ́rìí sí i. Ìwé AA ọjọ́ yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi, tòun ti òǹtẹ̀ rẹ̀. Ká ní mo ti fẹ́ AS láàárín ọdún mẹ́fà yẹn ńkọ́?

Irú àṣírí báyìí máa ń já lọ́wọ́ olùṣèwádìí láìwá a, pàápàá níbi tí wọ́n bá ti gba ẹ̀jẹ̀ bàbá, ìyá àti ọmọ pọ̀. Ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù ló máa ń sọ pé àwọn ò ní sọ̀rọ̀ ẹni tó bí ọmọ fún ẹnikẹ́ni. Mo fara mọ́ ọn. Ìwádìí ẹ̀jẹ̀ ríru ni bàbá ilé wá ṣe.

Àṣírí mìíràn wà tó dáa kéèyàn mọ̀. Ní 2010, àwọn onímọ̀ rí àyípadà méjì nínú jíìnì kan tó ń jẹ́ APOL1, tó ń dáàbò boni lọ́wọ́ irú kòkòrò kan tó ń fa àrùn oorun, èyí tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri. Ewu tí ẹyọ kan ń fà fún kíndìnrín kò fi bẹ́ẹ̀ tó nǹkan. Ẹni tó bá gba méjì, ọ̀kan lọ́wọ́ bàbá, ọ̀kan lọ́wọ́ ìyá, ewu àrùn kíndìnrín tirẹ̀ ga ju ti ẹlòmíràn lọ. Àwa ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ni àyípadà yìí pọ̀ sí lára, Yorùbá sì wà lára àwọn tó ti wọ́pọ̀ gan-an. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹni tó ní méjèèjì ni kíndìnrín rẹ̀ ò ní daṣẹ́ sílẹ̀ títí ọlọ́jọ́ á fi dé.

Ṣé kí wọ́n sọ fún Màmá bí wọ́n bá rí i? Èrò tèmi ni pé bí ohun kan bá wà tí èèyàn lè ṣe sí i, bíi kó túbọ̀ máa ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, kí wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n kí wọ́n ti bi í léèrè ṣáájú bóyá ó fẹ́ gbọ́. Ẹ̀tọ́ ni kéèyàn sọ pé òun ò fẹ́ gbọ́.

Ibi tó ń bà mí lẹ́rù ni ojú tí ará àdúgbò máa fi wò ó. A máa ń sọ ọ́ bíi pé òyìnbó ló gbé fífi àrùn ìdílé dáni lẹ́jọ́ wá. Rárá o. Kí wọ́n tó gbé ìyàwó ní ilẹ̀ wa láyé àtijọ́, ìwádìí ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń ṣe. Alárinà á rọra lọ bi àwọn àgbà àdúgbò: ṣé wèrè wà nílé yìí? Ẹ̀tẹ̀ ńkọ́? Wárápá ńkọ́? Bí ìdáhùn bá le, wọn ò ní sọ ìdí, ẹsẹ̀ á kàn dá. Ọmọbìnrin tí kò ní wárápá, tí ẹnikẹ́ni nínú ọmọ rẹ̀ lè má ní in láéláé, á wà nílé bàbá rẹ̀ torí àbúrò bàbá àgbà kan tó ṣubú lọ́jà ní ogójì ọdún sẹ́yìn. Tí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán bá lè ṣe báyìí, ẹ wo ohun tí ìwé tó lóǹtẹ̀ lè ṣe. Nínú láàbù, "ewu tirẹ̀ ga díẹ̀" ni wọ́n wí. Kó tó dé Ọjà Ọba, ó ti di "àrùn wà nílé wọn."

Ẹ̀jẹ̀ Yorùbá sì ti wà nínú ìwádìí yìí tipẹ́, bí ọ̀pọ̀ wa ò tiẹ̀ mọ̀. Láàárín 2002 sí 2005, nígbà iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní HapMap, èèyàn 270 ni wọ́n lo ẹ̀jẹ̀ wọn láti ibi mẹ́rin láyé: ìlú Beijing, ìlú Tokyo, ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà, àti Ìbàdàn. Àádọ́rùn-ún ni ti Ìbàdàn, ọgbọ̀n bàbá, ọgbọ̀n ìyá, ọgbọ̀n ọmọ wọn. Wọ́n sọ sẹ́ẹ̀lì wọn di ohun tó ń dàgbà nínú láàbù, ibi ìpamọ́ kan ní New Jersey ló ń tọ́jú rẹ̀, àwọn olùṣèwádìí káàkiri ayé sì ń béèrè fún un títí dòní. YRI ni wọ́n ń kọ sínú ìwé ìwádìí, ìyẹn Yorùbá ní Ìbàdàn. Mo gbóríyìn fún wọn lórí ohun kan. Wọ́n bá àwọn ará àdúgbò sọ̀rọ̀ ṣáájú, wọ́n sì fi sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìlànà pé kí ẹnikẹ́ni má kọ "Yorùbá" lásán, ká má tíì sọ "Áfíríkà", bí ó bá lo ẹ̀jẹ̀ yẹn. Àádọ́rùn-ún èèyàn láti Ìbàdàn ò lè dúró fún Ìjẹ̀bú, kò lè dúró fún Àkókó. Ní tiwa l'Ékìtì ńkọ́, a ò tilẹ̀ ń pe ilé ní ilé, ulé là ń pè é. Àmọ́ ẹ wá wo iye ìròyìn tó ń sọ pé "àwọn Yorùbá báyìí, àwọn Áfíríkà báyìí." Orí àádọ́rùn-ún yẹn ni àwọn kan nínú rẹ̀ dúró lé.

Ẹni tó bá sì fẹ́ mọ ohun tí ojú ìwé kẹta lè bí, kó gbọ́ ti àwọn Havasupai. Ẹ̀yà kékeré ni wọ́n, ìsàlẹ̀ àfonífojì ńlá kan ní Arizona, ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ń gbé. Àtọ̀gbẹ ń dà wọ́n láàmú. Láti 1990, àwọn olùṣèwádìí láti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Arizona gba ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ wọn, àwọn ará ìlú sì gbà pé torí àtọ̀gbẹ ni. Ọ̀rọ̀ inú ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún gorí ọdún, ọmọ ẹ̀yà náà kan jókòó síbi tí akẹ́kọ̀ọ́ kan ti ń ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀, ló bá gbọ́ pé ẹ̀jẹ̀ ìdílé òun ni wọ́n ń sọ. Wọ́n ti fi wá àrùn ọpọlọ. Wọ́n ti fi wò bóyá àwọn ìbátan ń fẹ́ra wọn. Wọ́n tún fi kọ ọ́ pé Éṣíà ni àwọn baba ńlá wọn ti rìn wá, bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n gbà gbọ́ láti ìran dé ìran ni pé inú àfonífojì yẹn gan-an ni àwọn ti ṣẹ̀.

Ẹ rò ó wò ná. Ẹnì kan gba ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ yín torí ẹ̀jẹ̀ ríru, ó wá lọ fi kọ ìwé pé ọ̀rọ̀ Odùduwà irọ́ ni, pé ẹ ò bá Ilé-Ifẹ̀ tan. Bóyá òótọ́ ni àbí irọ́, kì í ṣe ohun tí ẹ na apá sí nìyẹn. Àwọn Havasupai gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́. Ní 2010, yunifásítì náà san 700,000 dọ́là fún wọn, ó sì dá ẹ̀jẹ̀ tó kù padà.

Ti Henrietta Lacks tilẹ̀ ṣáájú. Obìnrin aláwọ̀ dúdú ni, jẹjẹrẹ ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ ló pa á ní Baltimore ní 1951. Wọ́n gé díẹ̀ níbẹ̀ láìbi í, sẹ́ẹ̀lì náà ò sì yéé pọ̀ sí i títí dòní. Ó lé ní ogún ọdún kí ẹbí rẹ̀ tó gbọ́. Ní 2013, àwọn kan tún ka jínóòmù sẹ́ẹ̀lì náà, wọ́n gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, láìbi àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí àṣírí tiwọn wà nínú rẹ̀. Ariwo pọ̀ kí wọ́n tó yọ ọ́, lẹ́yìn náà ni àjọ ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà bá ẹbí náà ṣàdéhùn. Obìnrin náà ti kú fún ọgọ́ta ọdún ó lé nígbà náà, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣì ń rojọ́.

Àwa náà ní òfin. Òfin Ìlera Orílẹ̀-Èdè ti 2014 sọ pé kí wọ́n tó ṣèwádìí lára èèyàn, ó gbọ́dọ̀ fọwọ́ síwèé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣàlàyé ìdí ìwádìí náà àti ohun rere tàbí búburú tó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ìgbìmọ̀ kan gbọ́dọ̀ ti yẹ iṣẹ́ náà wò ṣáájú, ilé ìwòsàn yunifásítì sì máa ń ní tirẹ̀. Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti 2023 ka ohun tí wọ́n bá kà nínú jíìnì ẹni kún dátà ẹlẹgẹ́, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìlera àti ẹ̀sìn. Lójú tèmi, òfin náà dáa. Ibi tó ti ń jò ni gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí èèyàn ọgọ́rùn-ún ti tò, tí nọ́ọ̀sì méjì péré wà níbẹ̀, tí ọṣẹ wà lórí tábìlì. Ta ló máa ráyè ka ojú ìwé mẹ́rin? Ọṣẹ yẹn gan-an, ọ̀rọ̀ ni. Ẹ̀bùn kékeré láti dúpẹ́ àkókò ẹni kò burú, àmọ́ lóṣù tí owó ò sí nílé, ọṣẹ lè dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" kí ẹnu tó dáhùn.

"A ti yọ orúkọ yín kúrò, nọ́ńbà ló kù," ni wọ́n máa ń sọ. Òótọ́ ni, ó sì ń ṣèrànwọ́. Àmọ́ jínóòmù fúnra rẹ̀ orúkọ ni. Ní 2013, àwọn olùṣèwádìí kan mú jínóòmù tí kò lórúkọ, wọ́n fi wé àkọsílẹ̀ ìran tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ayé, wọ́n sì mọ èèyàn tó sún mọ́ àádọ́ta. Ilé iṣẹ́ tó ń ka jínóòmù sì lè kógbá sílé. 23andMe ní Amẹ́ríkà, tí àràádọ́ta ọ̀kẹ́ èèyàn ti tu itọ́ sínú ìgò rán sí, ní kí ilé ẹjọ́ gba òun lọ́wọ́ gbèsè ní oṣù Kẹta 2025. Ohun tí gbogbo ayé ń béèrè nígbà náà ni pé ta ló máa ra dátà náà. Nítòsí wa níbí, 54gene tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2019 láti kó jínóòmù àwọn ọmọ Áfíríkà jọ, ó ti palẹ̀ mọ́ ní 2023. Nítorí náà, ẹ má béèrè nípa àwọn tó wà níwájú yín nìkan. Ẹ bi wọ́n pé bí ẹ bá palẹ̀ mọ́ lọ́la, ọwọ́ ta ni ẹ̀jẹ̀ mi máa bọ́ sí?

Ṣé ká wá máa sá fún wọn ni? Rárá. Nínú gbogbo jínóòmù tí wọ́n ti fi ṣe irú ìwádìí yìí láyé, ti Áfíríkà kò tó mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Oògùn tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn dán wò lè má bá tiwa mu. Ìyẹn nìkan kọ́. Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, lára àwọn aláwọ̀ dúdú ní Dallas ni wọ́n ti rí i pé àwọn kan ní àyípadà nínú jíìnì PCSK9, tí ọ̀rá burúkú inú ẹ̀jẹ̀ wọn fi lọ sílẹ̀ gan-an. Ìwádìí mìíràn sì fi hàn lẹ́yìn náà pé àrùn ọkàn ò fi bẹ́ẹ̀ kan irú wọn. Ìmọ̀ yẹn ló bí oògùn tó jáde ní 2015. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, iye rẹ̀ lọ́dún lé ní 14,000 dọ́là. Ẹ̀jẹ̀ wọn ló kọ́ ayé lọ́gbọ́n, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó bá wọn tan ni ọwọ́ wọn ò sì lè tó oògùn náà. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

Nọ́ńbà kan wà nísàlẹ̀ ojú ìwé kẹrin. Mo pè é níwájú Màmá, mo gbé fóònù sí gbangba. Obìnrin tó gbé e fara balẹ̀ gbọ́ wa, kò sì bínú. Ó ṣàlàyé pé Màmá lè yọ ara wọn kúrò nígbàkúùgbà, àmọ́ ohun tí wọ́n bá ti kà, tí wọ́n sì ti fi ránṣẹ́, kò ṣeé gbà padà mọ́, bí ọ̀rọ̀ tó ti jáde lẹ́nu. Ti Màmá ò tíì kúrò nínú fírísà. Ó ní wọ́n tún lè fi í sílẹ̀ fún ìwádìí ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan, kí wọ́n má lò ó fún ohun mìíràn.

Màmá ronú. Wọ́n béèrè bóyá dókítà ìwádìí náà máa sọ fún wọn bí wọ́n bá rí nǹkan nípa kíndìnrín, torí ohun tó pa bàbá wọn nìyẹn. Obìnrin náà ní bí wọ́n bá fẹ́, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí wọ́n sọ. Màmá ní àwọn fẹ́. Wọ́n ní kí ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan ni wọ́n lò ó fún, kí ẹnikẹ́ni má gbé e kọjá òkun, kí ẹni tó bá sì máa mú ìwé tuntun wá jẹ́ ẹni tó gbọ́ Yorùbá.

Mo ti fẹ́ dágbére fún obìnrin náà nígbà tí Màmá fa ọwọ́ mi, wọ́n ní kí n má tíì pa fóònù.

"Bá mi bi wọ́n," ni Màmá wí. "Ọṣẹ wọn ńkọ́? Mo ti fọ aṣọ tán o."